Bí Ẹgbẹ́ Òṣèré Yunifásítì Ṣe Lè Gbé Eré Sórí Ìtàgé Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé COVID-19 ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé. Kó tó di ìparí oṣù yẹn, ilé eré ti ń ti ilẹ̀kùn pa láti ìlú dé ìlú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àjàkálẹ̀ àrùn ti lé àwọn òṣèré kúrò nínú àwọn ilé eré London láàárín ọdún 1592 sí 1594. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń ṣeré kò dúró kí àrùn náà lọ tán kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì rí kọ́ wúlò fún àrùn yòówù tó bá ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn.

Àwọn tó ń ṣeré lábẹ́ yunifásítì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní ohun tí ẹgbẹ́ mìíràn ń wá kiri: ilé ìwòsàn inú ọgbà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú ilé, pápá gbalasa, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ sì ní ìṣòro kan tí ẹgbẹ́ mìíràn kò ní, òun la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ máàkì kẹ́ ẹ tó yan òṣèré kankan

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìbòmú. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí pé kò sí ìbòmú tó lè ṣiṣẹ́ níbi tí òótọ́ kò ti ṣeé sọ.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀fun rẹ̀ ń dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu sọ ọ́, eré lè má wáyé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Olùdarí eré tó ṣeé ṣe kó bínú sí i ni olùkọ́ tó máa fún un ní máàkì lópin sáà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ti fi í lọ́kàn balẹ̀ ṣáájú, yóò fi omi gbígbóná fọ ọ̀fun, yóò sì dákẹ́. Ẹ má bínú sí i. Àwa tá a ṣètò ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ la jẹ̀bi.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kópa sì kà á kí wọ́n tó wá dán ara wọn wò. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá yọwọ́, ìgbà yòówù kó yọwọ́, kò ní pàdánù máàkì kankan. Iṣẹ́ mìíràn tó wúwo bákan náà ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ dè é: ìwádìí lórí eré náà, ètò iná, gbígba ohùn sílẹ̀ fún eré rédíò, tàbí títọ́jú ìwé alábòójútó ìtàgé láti ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà, ẹlòmíràn ní àìsàn tí kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ilé ìwòsàn ọgbà nìkan ló yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dárúkọ ẹni méjì tó láṣẹ láti dá eré dúró: alábòójútó ìtàgé àti òṣìṣẹ́ ìlera kan láti inú ọgbà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti dá a dúró, kò pọn dandan kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Olùdarí eré kò gbọdọ̀ sí lára wọn. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta tọ́ iṣẹ́ kan dàgbà kò lè fi ojú tó mọ́lẹ̀ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì ti tà tán.

Ó ku ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń gbé yàrá kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́ ṣáájú pé kí yàrá kan tàbí méjì ṣófo fún ìyàsọ́tọ̀, kí wọ́n sì sọ ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ibi tí òun máa sùn sí bí àyẹ̀wò bá já sí ibi tí kò dára kò ní yá ara láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan eré tó bá àsìkò mu

Orí ìwé eré ni ọ̀pọ̀ ewu ti ń wọlé. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí eré kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ènìyàn tó ju mẹ́ta lọ ti wà lórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ara wọn, tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń pariwo, tàbí tí wọ́n ti ń jẹun. Bí àmì bá ti kún ojú ìwé, ẹ fi eré yẹn pa mọ́ di ọdún mìíràn. Gígé e kúrú kò ní gbà á là.

Orin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjọ́ kan ṣáájú ìkéde tí mo sọ lókè, ènìyàn 61 péjọ láti dánrawò nínú ẹgbẹ́ akọrin Skagit Valley Chorale ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà. Wákàtí méjì àbọ̀ ni wọ́n lò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá pẹ̀lú àmì tó jọ ti ọ̀fìnkìn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi máa parí ìwádìí wọn, iye àwọn tó ní àrùn náà ti di 53, títí kan ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Àyẹ̀wò fìdí ti 33 nínú wọn múlẹ̀, ìṣesí ara àwọn 20 yòókù sì fi hàn pé òun náà ni. Méjì nínú wọn kú. Ẹni tó ń kọrin ń mí jinlẹ̀, ó sì ń tú èémí síta ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Ó yẹ kí olùdarí eré mọ̀ pé ohùn òṣèré tó ń ju ọ̀rọ̀ dé ìjókòó ẹ̀yìn sún mọ́ orin ju ọ̀rọ̀ lásán lọ.

Nítorí náà, eré oníṣẹ́jú 70 sí 80 láìsí ìsinmi láàárín ló dára jù. Ìsinmi ni àsìkò tí gbogbo ènìyàn máa ń kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà àti ilé ìgbẹ́. Eré ẹlẹ́ni méjì, ẹlẹ́ni mẹ́ta, àti èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan ní í dá a sọ, kò wọ́n. Bí ẹ bá bẹ̀rù pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ kò ní rí ipa kó, ẹ yan ikọ̀ méjì fún eré kan náà, kí ikọ̀ kìíní àti ìkejì má pàdé rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ rí iṣẹ́ ṣe, bí àrùn bá sì dá ikọ̀ kan dúró, ìkejì wà nílẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni eré náà ní kùtùkùtù. Àṣẹ láti ṣe é níwájú ènìyàn kò kan títàn án ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹ béèrè fún méjèèjì pa pọ̀, torí pé àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé òǹwòran kò gbọdọ̀ wọlé kọ́ lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Afẹ́fẹ́ ṣáájú àga

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé eré Berliner Ensemble ní Jámánì yọ àga tó pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Nínú nǹkan bí 700, nǹkan bí 200 ló ṣẹ́ kù. Àwòrán gbọ̀ngàn yẹn kárí ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé àyè àárín àga ni gbogbo iṣẹ́. Àyè dára, àmọ́ èémí tó ń léfòó nínú ilé tí a sé pa kò mọ mítà méjì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Yunifásítì Halle kó ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Leipzig, olórin Tim Bendzko kọrin fún wọn, àwọn onímọ̀ sì ń wo bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn. Wọ́n rí i pé bí afẹ́fẹ́ gbọ̀ngàn bá ṣe ń pààrọ̀ sí ló máa ń pinnu púpọ̀ nínú ewu náà, àti pé ìgbà tí ènìyàn ń wọlé àti ìgbà ìsinmi ni wọ́n ń sún mọ́ra jù.

Ẹ lọ bá ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn ilé ọgbà, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: lẹ́ẹ̀melòó ni afẹ́fẹ́ gbọ̀ngàn wa ń pààrọ̀ ní wákàtí kan? CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, dábàá ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó kéré tán, ní ọdún 2023. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Gbọ̀ngàn tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní 15, tó ga ní 8, gba afẹ́fẹ́ 2,400 mítà kíúbíkì. Ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: 12,000 mítà kíúbíkì ló gbọ́dọ̀ wọlé tàbí kó gba inú asẹ́ kọjá ní wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀rọ amúlétutù tàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń mú kí afẹ́fẹ́ kan náà tó ti wà nínú ilé tutù ni, wọn kì í mú tuntun wọlé.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka gáàsì carbon dioxide, ìyẹn èyí tí ènìyàn ń mí síta. Níta gbangba, nǹkan bí 420 ppm, ìyẹn ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan, ló máa ń kà. Ẹ gbé e kalẹ̀ lákòókò ìdánrawò: lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ ìtàgé tí òṣèré ti ń dúró de àsìkò rẹ̀, àti nínú yàrá ìmúra. Ibi tó bá wà lábẹ́ 800 dára. Bó bá kọjá 1,000, ẹ kó gbogbo ènìyàn síta, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé àti yàrá ìmúra ló sábà máa ń burú jù, nígbà tí gbogbo ojú wà lára ìjókòó òǹwòran. Ohun kan tí àwọn oníná gbọ́dọ̀ mọ̀: carbon dioxide gan-an ni yìnyín gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe èéfín tó ń fà nílẹ̀ lórí ìtàgé. Yóò da kíkà ẹ̀rọ náà rú pátápátá, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò nínú eré.

Bí kò bá sí owó fún ẹ̀rọ ńlá, àpótí Corsi-Rosenthal wà. Richard Corsi àti Jim Rosenthal ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2020: asẹ́ afẹ́fẹ́ MERV-13 (irú tó ń gba ohun tín-ín-tìn-ìn-tín sílẹ̀) mẹ́rin tàbí márùn-ún, fáànù onígun mẹ́rin kan, àti téèpù. Àwọn tó ń kan ohun èlò orí ìtàgé lè so ó pọ̀ láàárín wákàtí kan. Ariwo rẹ̀ ló máa ń bí àwọn oníròó nínú. Ẹ ṣe púpọ̀, kẹ́ ẹ fi gbogbo wọn sí kékeré dípò kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan sí òkè pátápátá, ariwo yóò dín kù. Ẹ rántí pé asẹ́ ń gba kòkòrò àrùn sílẹ̀, àmọ́ kì í dín carbon dioxide kù, nítorí náà nọ́ńbà orí ẹ̀rọ yín lè má sọ̀ kalẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ti mọ́ sí i.

Ẹ fi òwú so ìwé ìnujú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ etí ìtàgé kẹ́ ẹ wo ibi tó ń fẹ́ sí. Bó bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ òṣèré sórí ìjókòó iwájú, ẹ yí fáànù padà tàbí kẹ́ ẹ fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ lófìfo.

Ìta gbangba ló dára jù, bó bá ṣeé ṣe. Ẹ wá àárín ilé méjì tí ògiri wọn yóò dá ohùn padà, torí pé pápá gbalasa ń gbé ohùn lọ. Ẹ fi ọjọ́ mìíràn sílẹ̀ fún òjò, kẹ́ ẹ má sọ pé ẹ máa sáré wọ inú ilé bó bá rọ̀. Àgọ́ tí wọ́n bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di inú ilé. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 2020, Barrington Stage Company ní Pittsfield, Massachusetts, ti yọ ọ̀pọ̀ àga nínú gbọ̀ngàn wọn fún eré ẹlẹ́nì kan, àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kò tíì gba eré inú ilé láyè. Abẹ́ àgọ́ níta ni wọ́n gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe fún wọn torí pé eré ẹlẹ́nì kan kò ní ẹrù púpọ̀. Ẹ ṣe tiyín lọ́nà tí ẹ fi lè gbé e kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìdánrawò

Ìpàdé àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lórí, ẹ ṣe é lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Nígbà tẹ́ ẹ bá pàdé, kí gbogbo ènìyàn lo ìbòmú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, bí N95 tàbí FFP2, kí wọ́n má sì bọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ sinmi níta lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Olùdarí máa ń ráhùn pé òun ò rí ojú òṣèré. Èyí kì í ṣe òfò pátápátá. Òṣèré tí a bo ẹnu rẹ̀ máa ń kọ́ láti fi èjìká, ọrùn àti ìdúró sọ̀rọ̀, ọgbọ́n yẹn kì í sì í kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ ìbòmú.

Ibi tí iṣẹ́ olùdarí ti dùn jù ni ibi tí ìwé eré bá ti ní kí ènìyàn méjì fọwọ́ kan ara wọn. Ká ní ọmọ kan ti pẹ́ kó tó padà wálé, ìyá rẹ̀ rí i lẹ́nu ọ̀nà, ìwé sì ní kí wọ́n dì mọ́ra. Bí ẹ bá kàn ní kí wọ́n dúró ní mítà méjì síra wọn, òǹwòran yóò mọ̀ pé òfin ìlera ló ń darí eré. Ẹ gbé àpótí ọmọ náà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kí ìyá wo ọmọ, kí ọmọ má lè wojú ìyá. Kí ìyá rọra kúnlẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí náà, kó mú aṣọ kan jáde, kó fi sí imú, kó wá ká a dáadáa sórí itan rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì jọ kọjú sí, kò sẹ́ni tó ń mí sí ẹnìkejì lójú. Ohun tí ìdìmọ́ra fẹ́ sọ ti jáde. Ẹ wá ìdí tí àyè fi wà láàárín wọn nínú ìtàn, ẹ má jẹ́ kó wá láti òde.

Ẹ fi téèpù aláwọ̀ sàmì sílẹ̀, kí òṣèré kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Alábòójútó ìtàgé ni kó máa kọ ẹni tó sún mọ́ ẹni àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò. Ìwé yẹn máa wúlò lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé.

Àyẹ̀wò kíákíá, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti láàárọ̀ ọjọ́ eré. Àmọ́ kì í tètè rí àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó lọ sílé, ohun yòówù kí àyẹ̀wò sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀yìn ìtàgé

Kí kálukú wọ aṣọ eré rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì kun ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tirẹ̀. Máìkì aláìníwáyà kan fún ẹnì kan títí eré yóò fi parí, ẹ kọ orúkọ sí i lára. Àwọn oníná àti oníròó kò ní ohun tí wọ́n ń wá dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré. Ẹ pín ọ̀nà ìwọlé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn òǹwòran

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi àwọn ará ọgbà nìkan ṣe òǹwòran àkọ́kọ́. Ẹ ti ń gbé pa pọ̀, ilé ìwòsàn kan náà lẹ sì ń lò. Fún àwọn àgbàlagbà àti ará ìta, ẹ fi eré ìta gbangba tàbí èyí tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ tọrẹ.

Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún agbo ilé, kí àwọn tó jọ ń gbé jókòó pọ̀. Ẹ kọ àsìkò ìwọlé sórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí gbogbo ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jáde ní ìlà-ìlà láti ẹ̀yìn. Ẹ dá owó padà láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá ní ara òun kò yá. Ẹni tí ẹ kò bá dá owó rẹ̀ padà, yóò wú ikọ́ wá sínú gbọ̀ngàn yín.

Ọ̀rọ̀ owó rèé: gbọ̀ngàn tó kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó wá. Ẹ ṣírò iye tí eré máa náni pẹ̀lú asẹ́, ìbòmú àti àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ bá yunifásítì sọ ọ́ ṣáájú pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ lèyí. Bí wọ́n bá ní kí tíkẹ́ẹ̀tì san gbogbo rẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ má ṣe é.

Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní dúró sẹ́nu ọ̀nà láti bá ẹni tó kọ̀ láti lo ìbòmú jà. Kí òṣìṣẹ́ àgbà kan wà níbẹ̀ lálaalẹ́, kí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ sí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún."

Ìgbésẹ̀ keje: Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹnì kan ní in

Ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ní Seoul, wọ́n ń ṣe eré olórin ńlá kan lọ nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé eré àgbáyé ti wà ní títì. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé méjì nínú àwọn òṣèré rẹ̀ ní àrùn náà, wọ́n dá eré dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣàyẹ̀wò fún gbogbo ikọ̀, wọ́n sì padà sórí ìtàgé ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè padà ni pé wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, alábòójútó ìtàgé ni yóò gba ìròyìn náà. Òun ló máa pe òṣìṣẹ́ ìlera, kí àwọn méjèèjì wo ìwé tó ti ń kọ láti rí ẹni tó sún mọ́ aláìsàn náà láti ọjọ́ méjì ṣáájú kí àmì tó hàn lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣèré kan, ikọ̀ kejì bọ́ sójú iṣẹ́. Bó bá jẹ́ méjì láti ikọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí alábòójútó ìtàgé fúnra rẹ̀, eré dúró. Kí ìkéde jáde kó tó di ọ̀sán, kí ó má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí olùdarí sì pe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣàìsàn lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn kan náà, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ̀rọ̀. Gbogbo ikọ̀ ni yóò gbọ́ bí ìpè yẹn ṣe lọ, òun ni wọn yóò sì fi pinnu bóyá àwọn náà á sọ̀rọ̀ bó bá kàn wọ́n.

Lẹ́yìn alẹ́ ìkẹyìn, ẹ má tíì tú ká. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kan sí i lọ́jọ́ kẹta àti ìkarùn-ún, kẹ́ ẹ tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn òǹwòran fún ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ lè fi tó wọn létí bí ohunkóhun bá yọjú. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, títí kan èyí tó wà lórí fóònù àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.